WiFi tẹ́ ẹ fi orúkọ ẹ̀ pamọ́ ò pamọ́ rárá

Ọ̀rọ̀ kan ti rìn káàkiri Òṣogbo yìí débi pé téèyàn bá ní kì í ṣòótọ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí ò mọṣẹ́. Wọ́n ní tẹ́ ò bá fẹ́ káwọn aládùúgbò máa jẹ dátà yín, ẹ wọnú sẹ́tíńsì ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń pín WiFi, ẹ fi orúkọ WiFi pamọ́, ó tán, ẹni tí ò bá rí orúkọ ò ní mọ̀ pé ó wà débi tó máa wọlé. Mo ń gbọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ráútà l'Ọláìyá, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì l'Òkè-Baálẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ èèyàn láti bá wọn tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo yẹn. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí, torí dátà ti wọ́n ju kéèyàn máa fi ohun tí ò ní agbára kankan ṣọ́ ọ lọ, pẹ̀lú pé fífi orúkọ pamọ́ yẹn gan-an ló ń tú àṣírí yín síta.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ráútà ń ṣe ná. Ráútà yòówù tó bá ti wà lórí iná ló ń kéde ara ẹ̀ sáfẹ́fẹ́, nǹkan bí ìgbà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan, lọ́sàn-án lóru. Ìkéde yẹn ni wọ́n ń pè ní beacon. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni orúkọ WiFi, ìyẹn SSID, nọ́ńbà MAC, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́, chánẹ́ẹ̀lì tó wà, ìyẹn ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń lò, àti irú ìdáàbòbò tó ń lò. Ó dáa, ẹ wá tẹ "Hide SSID", kí ló ṣẹlẹ̀? Ráútà ò dákẹ́ o. Ìgbà 10 ní sẹ́kọ́ńdì kan náà ló ṣì ń kéde, gbogbo nǹkan tó kù ló ṣì ń sọ, àyè orúkọ nìkan ló fi sílẹ̀ lófìfo. Bí ẹni tó yọ síńbọ́ọ̀dù kúrò lójú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ l'Alékùwodò àmọ́ tó ṣì ń fi lauspíkà polówó ọjà látàárọ̀ dalẹ́ ló rí.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ wa ààpù ọ̀fẹ́ kan tó ń yẹ WiFi wò sórí fóònù Android yín, ẹ ṣí i níbi tílé ti fún mọ́ra, ẹ máa rí i pé láàárín àwọn tó lórúkọ, àwọn kan wà tí ò lórúkọ àmọ́ tí nọ́ńbà MAC wọn hàn kedere, chánẹ́ẹ̀lì wọn hàn, bí agbára wọn ṣe tó náà hàn. Tẹ́ ẹ bá ń rìn lọ síbi tí agbára ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, ẹ máa dé ẹnu ọ̀nà ilé tó ti ń jáde. Kí wá ni wọ́n fi pamọ́ níbẹ̀?

Orúkọ tẹ́ ẹ rò pé ẹ ti fi pamọ́ yẹn náà ò pamọ́. Kí fóònù kankan tó lè wọlé, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ WiFi tó fẹ́ wọ̀, ní àkókò tó sì ń dárúkọ yẹn, ìdáàbòbò pásíwọ́ọ̀dù ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, torí náà gbangba ni orúkọ yẹn máa ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Láptọ́ọ̀pù lásán àti sọ́fítíwìà ọ̀fẹ́ ti tó fẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kò ní ṣe ju pé kó dúró de ẹnì kan tó máa délé kó sì kọnẹ́ẹ̀tì. Ní ìlú wa níbí, kò tiẹ̀ ní dúró pẹ́, torí wọ́n á mú iná lọ, ráútà á kú, wọ́n á mú iná dé, ráútà á tàn, gbogbo fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti láptọ́ọ̀pù inú ilé á sáré padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wọn á sì máa dárúkọ ọ̀hún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń tẹ́tí ti gbọ́ ọ.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí jù nìyí, torí èmi ò rí ẹni tó ń sọ ọ́ fáwọn èèyàn. WiFi tí orúkọ ẹ̀ bá hàn, fóònù ò nídìí láti máa dárúkọ ẹ̀ kiri, á máa gbọ́ ìkéde, ìgbà tó bá gbọ́ orúkọ tó mọ̀ ló máa dáhùn. Àmọ́ WiFi tẹ́ ẹ bá fi orúkọ ẹ̀ pamọ́, fóònù ò lè gbọ́ orúkọ ẹ̀ níbì kankan, nítorí náà òun fúnra ẹ̀ lá máa wá a kiri, á máa bi afẹ́fẹ́ pé "lágbájá, ṣé o wà níbí?" Ó ń bi í ní Ọjà Ọba. Ó ń bi í nínú mọ́tò ní Old Garage. Ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá dé mọ́ṣáláṣí, ẹ bá lọ s'Íbàdàn lọ kí ẹ̀gbọ́n yín, ó ṣì ń bi í. Orúkọ tẹ́ ò fẹ́ káwọn ará ilé kejì rí, ẹ ti wá gbé e sínú àpò máa pín in káàkiri ìpínlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ pé orúkọ ilé yín tàbí orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín lẹ fi sọ WiFi, ẹni tí ò mọ̀ yín rí lè fi mọ ibi tẹ́ ẹ ti wá. Lórí iPhone, tẹ́ ẹ bá wọ WiFi tó fara pamọ́, fóònù fúnra ẹ̀ á gbé ìkìlọ̀ síbẹ̀ pé "Privacy Warning", ìyẹn ni pé àṣírí yín lè tú. Àwọn Apple kọ ọ́ sínú ìmọ̀ràn wọn lórí bó ṣe yẹ kéèyàn sẹ́ẹ̀tì ráútà pé fífi orúkọ pamọ́ ò ní kí wọ́n má rí i, kò sì ní ká ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kò láti wọlé. Ọ̀pọ̀ ló ń rí ìkìlọ̀ yẹn lórí fóònù wọn tí wọn ò kà á.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ débi pé wọ́n yọ pásíwọ́ọ̀dù kúrò pátápátá, wọ́n ní ṣebí orúkọ ti pamọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ orúkọ lè tan WiFi tiẹ̀ ní orúkọ yẹn kan náà, fóònù yín tó ti ń pè é kiri á sì wọ̀ ọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ yín.

Ìyá kan tó ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà nítòsí Station Road bá mi jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ sọ pé kò wúlò, látìgbà tí wọ́n ti bá mi fi pamọ́, kò sẹ́ni tó jẹ dátà mi mọ́." Mo ní, "Mọ̀mí, ṣé wọn ò yí pásíwọ́ọ̀dù padà lọ́jọ́ náà?" Wọ́n ní wọ́n yí i. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà! Àwọn tó ń bá yín fi orúkọ pamọ́, lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń yí pásíwọ́ọ̀dù, gbogbo àwọn tó ti mọ ti tẹ́lẹ̀ á já dànù, bọ́tìnnì tí ò ṣe nǹkan kan ló wá ń gba ìyìn. Mo gbà pé ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ ò ní rí orúkọ yín nínú lísìtì fóònù ẹ̀, òótọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹni yẹn náà ò ní pásíwọ́ọ̀dù yín, kí ló fẹ́ fi orúkọ lásán ṣe? Ẹni tó lè ṣe yín níbi, òun ni fífi pamọ́ ò lè dá dúró.

Ìmọ̀ràn pé kéèyàn fi orúkọ pamọ́ ò ṣàdédé débẹ̀ ṣá. Nígbà tí WiFi jáde lọ́dún 1997, ìdáàbòbò tí wọ́n fi sínú ẹ̀ ni WEP, nígbà tó fi máa di 2001 àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Fluhrer, Mantin àti Shamir, ti fi hàn pé kò lágbára, ó di ohun téèyàn lè já láàárín àkókò díẹ̀. Kò sí nǹkan míì lọ́wọ́ àwọn èèyàn nígbà yẹn, ni wọ́n bá ń di ohun tó bá ṣáà ti wà níbẹ̀ mú, fi orúkọ pamọ́, ṣe báyìí, ṣe tọ̀hún. Àwọn ìdáàbòbò tó rọ́pò WEP wá ń dé, WPA ní 2003, WPA2 ní 2004, WPA3 ní 2018. Ìdí tí wọ́n fi ń gba ara wọn nímọ̀ràn yẹn ti kọjá lọ tipẹ́, ìmọ̀ràn ò bá a lọ.

Ìmọ̀ràn kejì tó jọ ọ́ tí ò wúlò ni MAC filter, kí lándílọ́ọ̀dù máa kọ nọ́ńbà MAC fóònù àwọn ayálégbé sínú ráútà, kó ní àwọn yìí nìkan ló lè wọlé. Gbangba ni nọ́ńbà yẹn máa ń wà lára gbogbo nǹkan tí fóònù bá rán, ẹni tó fẹ́ jalè lè gbọ́ ọ kó sì gbé e wọ̀. Ẹni tí ìyà ẹ̀ ń jẹ gan-an ni onílé, torí láti Android 10 ní 2019 àti iOS 14 ní 2020 làwọn fóònù ti ń lo nọ́ńbà àgbélẹ̀rọ dípò nọ́ńbà gidi tiwọn, ọmọ ilé fúnra ẹ̀ á kàn rí i pé òun ò lè wọlé mọ́ lẹ́yìn tó bá tún fóònù ṣe, wọ́n á wá máa pe èèyàn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì bà jẹ́.

Báwo wá làwọn tó ń jẹ dátà yín ṣe ń wọlé? Èyí tó pọ̀ jù, ẹnì kan ló fún wọn. Látìgbà Android 10, fóònù tó bá ti wà lórí WiFi lè gbé QR jáde kí ẹlòmíì yà á, pásíwọ́ọ̀dù yín wà nínú ẹ̀ ní lẹ́tà gbangba, ẹnì kan á yà á fún ọ̀rẹ́, ọ̀rẹ́ á yà á fún ọ̀rẹ́, gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ti wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà fóònù. Ẹ wo iye ilé tó jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù onílé ni pásíwọ́ọ̀dù! Nọ́ńbà 11 ló gùn lóòótọ́, àmọ́ 0803 ti wà níwájú tẹ́lẹ̀, 7 tó kù ò ju mílíọ̀nù 10 lọ, ẹni tó bá sì ti ká ohun tí fóònù yín ń sọ nígbà tó ń wọlé sílẹ̀ lè gbé e lọ sílé ẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ní káàdì géèmù tó dáa á dán ju 300,000 wò ní sẹ́kọ́ńdì kan. Kò tó ìṣẹ́jú kan fún 0803 látòkè délẹ̀. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ 0805 tàbí 0816, á kàn gbìyànjú ìyẹn náà. Ìlẹ̀kùn kẹta ni WPS, bọ́tìnnì tàbí PIN nọ́ńbà 8 ara ráútà tó ń jẹ́ kéèyàn wọlé láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù. Onímọ̀ kan, Stefan Viehböck, ló fi hàn ní 2011 pé ọ̀nà méjì ni ráútà ń pín PIN yẹn sí tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí náà dípò kó jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, 11,000 péré ni gbogbo ohun téèyàn máa dán wò. Ẹ pa WPS yẹn.

Tí mo bá ń sẹ́ẹ̀tì fún èèyàn, mo máa ń jẹ́ kí orúkọ hàn, mi ò ní fi orúkọ ilé tàbí nọ́ńbà yàrá sí i. Màá yan WPA3, tàbí èyí tó pa WPA2 àti WPA3 pọ̀ tí fóònù àtijọ́ bá wà nílé, tí ráútà ò bá ní i, WPA2 pẹ̀lú AES, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà fi ọ̀rọ̀ pamọ́. WPA3 dáa nítorí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé nǹkan lọ sílé lọ máa dán pásíwọ́ọ̀dù wò bí mo ṣe sọ lókè yẹn. Pásíwọ́ọ̀dù lè gùn tó lẹ́tà 63, kí wá nìdí tẹ́ ẹ fi ń dúró sí 8? Ẹ to ọ̀rọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún tí kò bára tan pọ̀ láìfi àmì sí i, irú bí ewuro reluwe isana agbado, á rọrùn láti sọ fún màmá lórí fóònù, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo kọ yìí kẹ́ ẹ lò o. Pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọ inú ráútà fúnra ẹ̀ náà, admin-admin yẹn, ẹ yí i padà. Fún àwọn àlejò àti oníbàárà, ẹ ṣí guest network, ìyẹn WiFi ọ̀tọ̀ lórí ráútà kan náà, kí pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀ yàtọ̀, ẹ lè máa yí ìyẹn lóṣooṣù láìda ilé rú, tí wọ́n bá yà á kiri kò kan tiyín.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe àtúnṣe lónìí, ẹ wọnú ráútà, ẹ yọ àmì kúrò lára "Hide SSID", ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù. Ó ku fóònù o, ọ̀pọ̀ ò rántí ìyẹn. Fóònù tó ti mọ WiFi yẹn gẹ́gẹ́ bí èyí tó fara pamọ́ lè máa pè é kiri lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti jẹ́ kó hàn, nítorí náà lórí fóònù kọ̀ọ̀kan, láptọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, ẹ wá orúkọ náà, ẹ tẹ "Forget", kẹ́ ẹ wá mú un tuntun látinú lísìtì, kẹ́ ẹ sì tẹ pásíwọ́ọ̀dù tuntun sí i.