Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwa tá a wà n'Ílọrin náà lè rí i kà

Tanke n'Ílọrin ni mò ń gbé. Láti bí ọdún mẹ́rin, ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ fún àwọn iléeṣẹ́ tí ọ́fíìsì wọn wà l'Ékòó, nǹkan bíi 300 kìlómítà síbi tí mo jókòó sí. Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ gba èèyàn láyè láti ṣiṣẹ́ nílé bó bá jẹ́ pé ìdí oúnjẹ ọ̀sán ní ọ́fíìsì lẹ ti ń parí gbogbo ọ̀rọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Níbi tí mo wà tẹ́lẹ̀, wọ́n ní kí n to iye tá a ó máa gbà láti kó ọjà lọ sí ìlú kọ̀ọ̀kan. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Òjò ń rọ̀, wọ́n ti mú iná lọ, ínfátà ti ń ké, mo wá gbé kọ̀ǹpútà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá ìyá mi torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró. Lọ́jọ́ kẹrin a ṣèpàdé lórí Zoom. Àwọn mẹ́fà pagbo yí kọ̀ǹpútà kan ká l'Ékòó, èmi nìkan ni mo dá wà lọ́tọ̀. Ọ̀gá wa wo iṣẹ́ náà, ó ní, "Ṣé wọn ò sọ fún ẹ ni? A ti fagi lé ìyẹn látọjọ́ Ajé." Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e, wọ́n ti jìnnà sí ẹ̀rọ. Mo pa fídíò mi, mo sunkún.

Wọn ò ní mí sínú o. Wọ́n kàn gbàgbé pé mi ò sí níbẹ̀ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

Iṣẹ́ àtilé kọ́ ni ìṣòro. Ẹ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè nílùú wa níbí. Oníbàárà lè ti Èkó fi àwọ̀ òwú tó wù ú ránṣẹ́, kó sọ iye tó fẹ́ àti ọjọ́ ìnáwó. Kò sẹ́ni tó ń jókòó ti ahunṣọ láti mọ̀ bóyá ó tòògbé. Aṣọ ni wọ́n máa tú wò. Ṣùgbọ́n ahunṣọ ò lè hun àwọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fi hàn án.

Gbogbo òṣìṣẹ́ GitLab, iléeṣẹ́ tó ń ṣe irinṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ló ń ṣiṣẹ́ láìsí ọ́fíìsì, ìwé ìlànà wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Automattic, àwọn tó ni WordPress.com tí èèyàn fi ń ṣe ìkànnì, ti ọ́fíìsì wọn ní San Francisco pa lọ́dún 2017, torí àwọn òṣìṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́.

Níbi tí mo wà báyìí, bí ẹyọ ẹnì kan bá wà nílé, kálukú ló máa ti orí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ wọ ìpàdé, títí kan àwọn tó jọ wà nínú ọ́fíìsì kan náà. Bí ẹni méjì bá fẹnu kò lórí nǹkan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí wọ́n pinnu, ìdí rẹ̀, ẹni tó máa ṣe é. Ìlà mẹ́ta péré. Bí iná bá lọ ní Tanke láago mẹ́wàá, tó dé láago méjì, màá ka ohun tó ṣẹlẹ̀, màá bá iṣẹ́ mi lọ. Wọ́n tún ń fún wa lówó dátà, èyí tó yẹ kó jẹ́ ẹ̀tọ́ níbi gbogbo.

Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mo sì gbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ ṣókí lè dà bí ìbínú lójú ẹni tó ń kà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iléeṣẹ́ máa kó gbogbo èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ká jọ jẹun, ká mọ ohùn ara wa. Àmọ́ ìpinnu iṣẹ́ ò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ yẹn.

Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa láti Òmù-Àrán. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó pè mí pé òun fẹ́ béèrè nípa owó tá a máa ń dá padà fún oníbàárà. Mo ṣì ń wá ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé nígbà tó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i kà."