Ẹ fi ìnagijẹ ọba sílẹ̀ díẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn ará oko Hatfield

Ẹni tó bá ń ka ìtàn ilẹ̀ England ṣáájú ọdún 1066 máa ń tètè pàdé ìnagijẹ àwọn ọba: Æthelred Unræd, Edmund Ìhà Irin, Harold Ẹlẹ́sẹ̀ Ehoro. Wọ́n dùn-ún pè, àmọ́ lójú tèmi, àwọn ló ń ṣi èèyàn lọ́nà jù. Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ bèèrè ni pé: ìgbà wo ni wọ́n kọ ìnagijẹ yẹn sílẹ̀? Ọdún 1016 ni Æthelred kú, ó sì ju 150 ọdún lọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí a tó rí Unræd, "aláìnímọ̀ràn", nínú ìwé kankan. Ẹjọ́ tí àwọn tó dé lẹ́yìn dá fún un nìyẹn. Ti Edmund ọmọ rẹ̀ ṣeé gbára lé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí àkọsílẹ̀ ọdọọdún àwọn Anglo-Saxon, ìyẹn àwọn ará England ìgbà náà, fúnra wọn sọ ọ́ lábẹ́ ọdún 1057, wọ́n sì ní akin rẹ̀ ló fà á.

Ojú ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ràn ìgbà náà kà. Ó jẹ́ àkọsílẹ̀ ìran àwọn àgbẹ̀ oko Hatfield, tó jẹ́ ti ilé ìjọsìn Ely, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Dudda wà níbẹ̀, ó jẹ́ gebur, ìyẹn àgbẹ̀ tó ń gbé lórí ilẹ̀ olóko tó sì ń fi iṣẹ́ san án, ó sì bí ọmọbìnrin mẹ́ta: Deorwyn, Deorswith àti Golde. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ló fẹ́ méjì nínú wọn: Ælfstan fẹ́ Deorswith, Ealhstan fẹ́ Golde. Hwita ń sin oyin. Tate ọmọ rẹ̀ ló bí Wulfsige tafàtafà. Brada fẹ́ Hwite. Wærlaf, bàbá Wærstan, ló ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́dẹ̀ aláwọ̀ eérú.

Ẹ tún orúkọ wọ̀nyẹn wò. Deor ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ Dudda méjì, stan ló parí ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yẹn, Wær sì so bàbá pọ̀ mọ́ ọmọ, bí ìdílé tó ń fi Ifá tàbí Adé bẹ̀rẹ̀ orúkọ gbogbo ọmọ wọn. Bí àwọn ọba ṣe ń tún Æthel lò láti ìran dé ìran gan-an nìyẹn. Bíṣọ́ọ̀bù Wulfstan ti Worcester, tó kú lọ́dún 1095, gba Wulf lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ Wulfgifu, ó gba stan lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ Æthelstan. Ẹni tó bá rò pé àṣà ọlọ́lá nìkan ni, kó lọ wo olùtọ́jú ẹlẹ́dẹ̀ Hatfield.

Kì í ṣe ìfẹ́ ló mú kí wọ́n kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀. Wọ́n ń ṣọ́ wọn ni, kí iṣẹ́ wọn má bàa bọ́ mọ́ olóko lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́yàwó sí oko mìíràn. Ìwé àṣà oko kan ti ọ̀rúndún kọkànlá sọ ohun tí gebur jẹ: iṣẹ́ ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún olóko, ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìkórè, pẹ́nì 10 ní òpin oṣù September, òṣùwọ̀n ọkà báálì 23 àti adìyẹ méjì ní oṣù November. Olóko ló fún un ní akọ màlúù méjì, abo màlúù kan àti àgùntàn mẹ́fà nígbà tó kọ́kọ́ dé. Bó bá kú, olóko ló ni ohun tó fi sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á rí Hwita, "funfun", tàbí Brada, "fífẹ̀", wọ́n á sì máa ṣàpèjúwe ara ẹni náà. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dá dúró, ó lè jẹ́ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, tàbí ìgékúrú: àwọn ọmọ Ọba Saberht pe bàbá wọn ní Saba. Bó bá tẹ̀ lé orúkọ mìíràn, a lè pè é ní ìnagijẹ, àmọ́ a ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Àfi bí ẹni tó kọ ọ́ bá ṣàlàyé, bí Bede, ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó kọ ìtàn ìjọ England, ṣe ṣe fún àlùfáà méjì tí wọ́n jọ ń jẹ́ Hewald: ó ní irun wọn ni wọ́n fi ń pe ọ̀kan ní Dúdú, èkejì ní Funfun.