Wọ́n ní kó lọ, kò lọ

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ìyá mi. Ẹni tó bá mọ ìtàn òṣèlú ilẹ̀ Yorùbá á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Nílé wa, kò sí ìkómọ, kò sí ọdún Kérésì, kò sí òkú àgbà tí ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ àti Awólọ́wọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú Rẹ́mọ kì í jáde níbẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ àwo mọ́. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin á ní, "Ẹgbẹ́ ní kí Akíntọ́lá lọ, kò lọ, òun ló da ilé rú." Bàbá mi á ní, "Ta ló ní kó lọ? Ìwé! Ṣé ìwé ló dìbò fún un ni?" Mo ti gbọ́ ọ débi pé mo lè ṣe ti àwọn méjèèjì bí ẹni ń ṣeré orí ìtàgé.

Èmi náà ti wá ní èrò tèmi. Ẹ má bínú, ó máa gùn díẹ̀.

Nígbà tí ọdún 1959 ń parí lọ, Awólọ́wọ̀ fi ipò Pirẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba, Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà sílẹ̀, ó gba Èkó lọ, ó sì di olórí àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀. Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ Action Group, ló gorí àga ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀ ò fi ipò olórí ẹgbẹ́ sílẹ̀ o. Ẹnì kan di ẹgbẹ́ mú, ẹnì kejì di ìjọba mú, bẹ́ẹ̀ àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣe ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní Jọ́ọ̀sì lóṣù kejì ọdún 1962, Akíntọ́lá àtàwọn tirẹ̀ kò tilẹ̀ dúró kó parí. Lóṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí, wọ́n ní ó ṣe ohun tó lòdì sí ẹgbẹ́, kó kọ̀wé fipò sílẹ̀. Akíntọ́lá kọ̀.

Níbí, màá gbè sẹ́yìn bàbá mi díẹ̀. Olórí ìjọba tó bá gbọ́dọ̀ bi ẹnì kan ní Èkó kó tó yan ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Inú á bí èmi náà.

Ohun tó wá gbé ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́ ni gbólóhùn kékeré kan nínú ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn. Òfin ní Gómìnà kò lè yọ Pirẹ́míà àfi tó bá hàn sí i pé àwọn tó pọ̀ jù nínú Ilé Aṣòfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. "Tó bá hàn sí i." Báwo ló ṣe máa hàn? Ṣé ìbò inú Ilé ni àbí ọ̀nà mìíràn? Òfin ò sọ. Ni àwọn aṣòfin 66, tí wọ́n ju ìdajì Ilé lọ, bá fọwọ́ sí ìwé, wọ́n gbé e fún Gómìnà, ìyẹn Ọọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí. Ní ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún, Kábíyèsí yọ Akíntọ́lá, ó sì fi Alhaji Dauda Adégbẹ́nró sípò rẹ̀. Akíntọ́lá ní kò lè ṣẹlẹ̀, àfi kí wọ́n dìbò nínú Ilé. Ìlú kan, Pirẹ́míà méjì.

Tí ẹ bá bi mí, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ti ṣe àṣìṣe tiwọn. Ẹ ní 66! Kí lẹ ń fi ìwé ṣe? Ẹ pe Ilé, kí Pirẹ́míà fúnra rẹ̀ jókòó, kí ẹ nawọ́ sókè lójú gbogbo ayé, kí akọ̀wé kà á. Gómìnà tó gba ìwé yẹn, ta ni ò mọ̀ pé ẹni ẹgbẹ́ ni? Ẹ fún ọkùnrin náà ní ẹjọ́ tó máa rò.

Nígbà tí wọ́n wá pe Ilé ní ọjọ́ 25, pé kí wọ́n dìbò ìfọkàntán fún Adégbẹ́nró, ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí Olóyè Ọdẹ́bíyìí ṣe dìde láti sọ̀rọ̀ báyìí, aṣòfin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, E. O. Òkè (bàbá mi kì í fẹ́ ká dárúkọ rẹ̀), fò sórí tábìlì, ó ń kígbe pé iná ń jó lórí òkè. Àga bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹnì kan gbé ọ̀pá àṣẹ, ó fẹ́ fi ṣán Olórí Ilé lórí, orí tábìlì ló bà. Àwọn ọlọ́pàá da tajútajú síbẹ̀, gbogbo wọn sá jáde bí eṣinṣin. Ìhà Akíntọ́lá ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìjà yẹn wà. Ìbéèrè tí bàbá mi ò tíì dá mi lóhùn dòní nìyí: ẹni tó ní àfi kí wọ́n dìbò nínú Ilé, kí ló dé tí àwọn èèyàn rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n dìbò?

Mo rò pé wọ́n mọ̀ pé iye yẹn ò ní í yí padà ni.

Ìjọba àpapọ̀, tí inú wọn ti ń dùn láti ọ̀ọ́kán, kéde ìjọba pàjáwìrì ní ọjọ́ 29, wọ́n sì fi Dókítà Majẹ́kódùnmí ṣe alákòóso. Lóṣù keje, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà dá Akíntọ́lá láre, wọ́n ní ìbò inú Ilé nìkan ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Nígbà tí ọdún 1963 wọlé, ó padà sórí àga. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún yẹn, àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ṣì ń parí sí nígbà náà, yí ẹjọ́ náà: ìwé tó ohun tí Gómìnà lè wò. Kí ni wọ́n ṣe ní Ìbàdàn? Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n sì mú un bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn wá, bíi pé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Adégbẹ́nró jàre ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kò rí àga jókòó lé nílé.

Ìbò ọdún 1965, wẹ́tìẹ̀, òru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966 tí àwọn ológun pa Akíntọ́lá, ẹ mọ ìyókù.

Ẹjọ́ Thabo Mbeki, tó jẹ́ ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà kan, ló là mí lójú. Lóṣù kejìlá ọdún 2007, ní Polokwane, ANC, ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba níbẹ̀, dìbò olórí ẹgbẹ́: Jacob Zuma 2,329, Mbeki 1,505. Ààrẹ ṣì ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lóṣù kẹsàn-án ọdún 2008, Adájọ́ Nicholson sọ̀rọ̀ nínú ìdájọ́ kan bíi pé àwọn olóṣèlú ìjọba Mbeki lọ́wọ́ nínú ẹjọ́ ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n ń bá Zuma ṣe. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ ní kí Mbeki máa lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ ò láṣẹ lábẹ́ òfin láti yọ ààrẹ, ilé aṣòfin nìkan ló ní in. Ohun tí Akíntọ́lá gbá mú nìyẹn gẹ́lẹ́. Mbeki ò gbá a mú. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹsàn-án, ó jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó ní ó ti pé ọdún méjìléláàádọ́ta tí òun ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, òun sì gba ohun tí ẹgbẹ́ sọ.

Lóṣù kìíní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́mílọ́rùn ní Nicholson ti kọjá àyè rẹ̀. Mbeki ti lọ! Èyí tó lọ, ilé ẹjọ́ padà fọ ohun tí wọ́n fi lé e mọ́ kúrò lára rẹ̀. Èyí tó dúró, àwọn adájọ́ tó gbọ́ ọ kẹ́yìn ní wọ́n yọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Mi ò ní kí ẹ sọ Mbeki di ẹni mímọ́ o. Bó ṣe fi oògùn HIV falẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kú, mi ò lè gbójú fò ó. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ká kúrò lórí àga, ó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìtìjú. Àwọn kan á ní aráàlú ló dìbò fún olórí, pé ẹgbẹ́ ò lè lé e. Ẹ dákun, nínú ìbò Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1960, ta ló rí orúkọ Pirẹ́míà nínú ìwé ìbò? Àmì ọ̀pẹ ni wọ́n dìbò fún. Bí ọ̀pẹ bá ní òun ò mọ̀ ọ́ mọ́, ta lo tún ń ṣojú fún?

Mo ka èyí fún bàbá mi lórí fóònù lálẹ́ àná. Ó gbọ́ ọ dé ìparí, kò já mi lẹ́nu, ohun tí kì í ṣe. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Mbeki tó ò ń wí yìí, ṣé àwọn ará Ìjẹ̀bú wà ní Gúúsù Áfíríkà náà ni?"