Ta ló ń fi abẹ́rẹ́ ọmọ yín pamọ́?

Lánàá, nínú kòrópè láti Ṣábọ̀ sí Ìgbogbo, ìyá àgbà kan ń ròyìn bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe ń jí abẹ́rẹ́ ọmọ-ọmọ òun tí wọ́n bí lóṣù méje. “Wọ́n fún un lọ́jọ́ Ajé, wọn ò fún un lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó di Ọjọ́rú! Ọmọ bíńtín yẹn! Ṣé kì í ṣe díẹ̀díẹ̀, lemọ́lemọ́, ló yẹ kí wọ́n máa fún un ni?” Gbogbo ọkọ̀ ń mirí, dírẹ́bà ń pòṣé. Mi ò wọ aṣọ iṣẹ́, mo bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò sóṣù tí n kì í gbọ́ ọ.

Jẹ́ntà (jẹntamáísìn), oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, ni abẹ́rẹ́ ọ̀hún. Àgbàlagbà kílò 70 tí dókítà ní kó gba mílígíráàmù 5 fún kílò kan, 350 ló máa gbà. Ọmọ tí kò lò tó ọ̀sẹ̀ 30 nínú ìyá rẹ̀, tó jẹ́ kílò 1, mílígíráàmù 5 fún kílò kan náà ni. Ibo ni “díẹ̀díẹ̀” wà níbẹ̀? Omi ló pọ̀ lára ọmọ bẹ́ẹ̀: tàgbà tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100, tiẹ̀ lé ní 80, inú omi yẹn sì ni jẹ́ntà ń tàn sí. Ẹni tó bá se ọbẹ̀ olómi rí mọ̀ pé iyọ̀ rẹ̀ ò ṣeé ṣahun sí. Jẹ́ntà gbọ́dọ̀ wọlé tagbáratagbára kó tó pa kòkòrò.

Bó ṣe máa jáde ni wàhálà. Kíndìnrín ló ń tọ̀ ọ́ dànù. Lára àgbà, wákàtí 2 sí 3, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Lára ọmọ oṣù méje tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, ó lè tó wákàtí 8, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ wá máa da òmíràn lé e lórí lójoojúmọ́, kí etí ọmọ di, kí kíndìnrín rẹ̀ bà jẹ́. Torí ẹ̀ la ṣe ń dúró wákàtí 48 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ampisílìn, oògùn kòkòrò kejì tá a ń fún un pẹ̀lú rẹ̀, wákàtí 12 síra ni. Tí àwọn ẹbí bá rí ampisílìn lójoojúmọ́, tí wọn ò rí jẹ́ntà, wọ́n á ní a ti jí i.

Ìgò jẹ́ntà tiwa, mílígíráàmù 80 ló wà nínú mílílítà 2. Mílígíráàmù 5 níbẹ̀ ò ju ẹ̀kán méjì àbọ̀ lọ. Ta ló fẹ́ wọn ìyẹn? A máa ń fa mílílítà 1, ká bu omi 3 sí i, ká wá fa ìdajì mílílítà nínú àpòpọ̀ yẹn. Òṣìṣẹ́ tuntun kan fa ìdajì yẹn nínú ojúlówó tí kò tíì bu omi sí lọ́jọ́ kan. Mílígíráàmù 20! Ìlọ́po mẹ́rin. Èmi tí mo jẹ́ ẹnì kejì tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi mọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni a fi ń tì í wọlé, a ó sì fi omi iyọ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e, torí rọ́bà tín-ín-rín tí oògùn ń gbà wọlé máa ń mú lára rẹ̀ dúró. (Ìyá kan ti pariwo lé mi lórí pé omi lásán ni mò ń fún ọmọ òun.)

Wọ́n á ní ọmọ àbúrò àwọn gbà á lójoojúmọ́, ara rẹ̀ sì yá. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù mẹ́sàn-án nìyẹn, wákàtí 24 ni tirẹ̀. Ó dáa, ìwé kan lè sọ 36 níbi tí òmíràn ti sọ 48, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni ì bá sì jẹ́ kó gún régé. Kò sí èyí tó ní ká máa kán an sí i láràárọ̀.

Ìyá inú kòrópè, ẹ fi ìka kà á: Ajé sí Ọjọ́rú, wákàtí 48 ni.