Ta ló ní kí ẹ máa fún máìkì ní máàkì?

Láti àárọ̀ ni orí mi ti gbóná, ẹ bá mi fara dà á.

Mo ka ohun tí arákùnrin kan kọ nípa àwo tí John Coltrane, afọnsáksófóònù jáàsì, àti Eric Dolphy tí wọ́n jọ ń fọn ṣe ní Village Gate, ilé orin kan ní New York. Mo mọ̀ pé àwo náà ti jáde láti 2023, ẹ má bá mi wí pé mo pẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́fà ló kọ. Mẹ́rin nínú ẹ̀, ẹjọ́ ìró ló ń rò: ìlù pariwo jù, dùùrù ò jáde, báàsì ń kùn lábẹ́ ilẹ̀. Ó wá fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún, ó ní ẹni tó bá ti ní gbogbo àwo Coltrane yòókù nílé nìkan ni kó rà á. Ìràwọ̀ mẹ́ta! Bí ẹni sun òtẹ́ẹ̀lì mọ́jú tí omi ò yọ ní balùwẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn téèpù tí wọ́n fi ṣe àwo yìí, ẹ fo ibí yìí. Oṣù kẹjọ 1961 ni, ní New York. Ilé orin yẹn ní ẹ̀rọ ìgbóhùnsókè tuntun, Richard Alderson tó ń bójú tó o fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ó gbé máìkì kan ṣoṣo kọ́ sókè orí ìtàgé, ó tan téèpù. Ó tán. Kò sẹ́ni tó ń ṣe àwo níbẹ̀. Téèpù sọnù fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfìgbà tí ẹnì kan tó ń wá nǹkan Bob Dylan kiri ṣèèṣì kàn án ní New York Public Library. Nǹkan Dylan, olórin mìíràn pátápátá, lẹni ẹlẹ́ni ń wá o! Ohun tí à bá má gbọ́ títí ayé nìyẹn, ẹnì kan wá ń sọ pé dùùrù ò jáde.

Máìkì kan ṣoṣo ò lè ṣe kó má ṣe ojúsàájú. Elvin Jones onílù ló gbè lẹ́yìn. Kí ló wá burú ńbẹ̀? Nínú àwọn àwo tí wọ́n ṣe ní sítúdíò, wọ́n ti Elvin sí àyè ẹ̀ lẹ́yìn, ó ń hùwà ọmọlúàbí. Níbí, iwájú rẹ ló jókòó sí. Síńbálì ń hó bí omi lórí iná, ẹ ó sì máa rò pé ìlù kan fẹ́ já láti ara ìkejì. Nínú orin “When Lights Are Low”, Dolphy gbé klárínẹ́ẹ̀tì báàsì, fèrè gígùn olóhùn ìsàlẹ̀, bọnu, nǹkan yẹn ń kùn, ó ń lọgun, ó ń ṣe bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ sọ tí ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Gbólóhùn kan ṣoṣo, Dolphy ò rí gbà nínú ìpínrọ̀ mẹ́fà.

Lọ́dún 1961 kan náà, nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn téèpù yìí, alárìíwísí kan, John Tynan, kọ ọ́ sínú DownBeat, ìwé ìròyìn jáàsì, pé ohun tí Coltrane àti Dolphy ń fọn lòdì sí jáàsì. Nígbà tó di 1962, àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n dá àwọn alárìíwísí lóhùn nínú ìwé ìròyìn yẹn náà. Àṣìgbọ́ ni Tynan gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó kéré tán, orin ló bú. Mo fara mọ́ ọn ju oníràwọ̀ mẹ́ta yìí lọ.

Mo mọ ohun tó ba àwọn oníràwọ̀ yìí jẹ́. Téèpù Coltrane àti Thelonious Monk atẹdùùrù ní Carnegie Hall ni. Voice of America, rédíò ìjọba Amẹ́ríkà, gbà á sílẹ̀ ní 1957, wọ́n rí i ní Library of Congress ní 2005, ó mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń retí pé òkú yòówù tó bá jí gbọ́dọ̀ ti wẹ̀, kó ti para, kó tó yọjú. Àwọn kan á ní owó lẹni fi ń rà á, ó yẹ kéèyàn mọ bó ṣe ń dún. Ó dáa. Ẹ fi gbólóhùn kan sọ ọ́, kí ẹ kọjá.

Mo fi ohun tí oníràwọ̀ mẹ́ta yẹn kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn náà ń fọn sáksófóònù, inú yàrá wọn nìkan ni nísinsìnyí. Mo rò pé wọ́n á bá mi bínú. Wọn ò fèsì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n wá fúnra wọn, wọ́n ní kí n tan “Africa” inú àwo náà. Ó lé ní ogún ìṣẹ́jú, báàsì méjì ló ń lọ ńbẹ̀, Reggie Workman àti Art Davis. Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Ìka wọn ń rìn lórí orúnkún bí ẹni ń tẹ fèrè. Wọn ò sọ nǹkan kan títí ó fi parí.

Mo ní, “Ẹ gbọ́ ọ? Ìràwọ̀ mẹ́ta nìyẹn?”

Wọ́n ní, “Ta ló bi Coltrane?”

“Wọ́n á bi í ní kí ni?”

“Bóyá ó fẹ́ ká gbọ́ ọ.”

Mo ní Workman kọ̀rọ̀ sínú ìwé tó bá àwo náà wá. Wọ́n ní Workman kọ́ ni àwọn ń bi mí. Mo ní Dolphy ti kú láti 1964, Coltrane láti 1967, òkú ò mọ iye a ra àgọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Èyí tí o gbà sílẹ̀ níjọ́sí ńkọ́, ṣé o pa á rẹ́?”

Mo mọ èyí tí wọ́n ń sọ. Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Wọ́n ń dá kọ́ orin jẹ́jẹ́ kan, mo gbé fóònù sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohùn òkè kan ń fọ́ mọ́ wọn lẹ́nu. Ó fọ́ lẹ́ẹ̀kíní, ó fọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó fọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n dúró, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n sọ nǹkan kan fún ara wọn tí n ò gbọ́ dáadáa, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n mọ̀ pé mo gbà á, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ojú wọn ni mo ti pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n fóònù ti fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn kí n tó pa á.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo ti pa á rẹ́ tipẹ́.” (Wọn kì í dé ìkànnì yìí. Ẹ má ṣe sọ fún wọn.)

Nígbà tí wọ́n lọ, mo ṣí i. Ariwo fáànù bo ìdajì ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti fọn, èyí ni mo fẹ́ràn jù, ibi tó ti fọ́ gan-an.

Mo ti kọ èsì fún oníràwọ̀ mẹ́ta yẹn kí wọ́n tó dé, ó gbóná, ó gùn. Ó ṣì wà níbẹ̀, n ò tíì fi ránṣẹ́.