Béèsì ń mi gbogbo ilé, mi ò sì gbọ́ ohun tí gángan ń sọ

Ọmọ_Ìbàdàn: Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ilé o. Mo ra amp tòkúnbọ̀ kan, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè, pẹ̀lú sípíkà méjì, àwọn onídùúró tó ga dé àyà yẹn, mo gbé wọn sí kọ̀rọ̀ méjèèjì níwájú pálọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, béèsì, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, ò sí rárá níbi tí mo jókòó sí, ni mo bá yí i dé òpin. Ní báyìí tí mo bá fi jùjú sí i fèrèsé á máa gbọ̀n jìgìjìgì, ó tiẹ̀ tún pọ̀ ní kíṣìnì ju pálọ̀ lọ, ṣùgbọ́n gángan ò sọ ọ̀rọ̀ kankan tó yé èèyàn, ó kàn ń ṣe wùùù wùùù bí ẹni tó ki orí bọ inú kòkò. Bàbá mi tó gbọ́ ìlù dáadáa jókòó tì í, wọ́n ní "ta ló di onílù yìí lẹ́nu?" Ó dùn mí gan-an. Ṣé sípíkà ló ti bàjẹ́ ni?

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù: Ọmọ mi, kò tíì bàjẹ́. Dá béèsì padà sí àárín, síbi òdo, kó o sì gbé sípíkà kúrò ní kọ̀rọ̀. Ohùn béèsì kì í lọ síwájú nìkan bíi ti tirébù, ohùn òkè, yíká ló ń lọ, tó bá kan ògiri ọ̀tún, tó kan ti ẹ̀yìn, tó kan ilẹ̀, gbogbo ẹ̀ á tún padà wá bá ẹ. O yí i dé òpin, ògiri tún ń bá ẹ fi kún un. Báwo ni gángan ṣe fẹ́ rí àyè sọ̀rọ̀ níbẹ̀?

DJ_Agboolé: Bàbá, ẹ máà bínú o, mi ò gbà. Ó ti tó ọdún 15 tí mo ti ń lu orin lóde ìnáwó, tí béèsì ò bá tíì kan èèyàn láyà, wọn ò ní dìde jó. Amp yẹn ni ò lágbára, kó lọ ra woofer, sípíkà béèsì ńlá kan, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣàn, ó parí.

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù: Òde lo ti ń lù ú, abẹ́ kánópì, béèsì ń bá afẹ́fẹ́ lọ ni. Pálọ̀ ní ògiri mẹ́rin àti àjà, níbo ni kó gbà lọ?

Wáyà_Pupa: Òótọ́ ni bàbá sọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Tí pálọ̀ bá gùn tó mítà 4, ohùn tó bá wà ní nǹkan bíi Hz 43 (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan), ìdajì ìgbì ẹ̀ á ṣe wẹ́kú láti ògiri dé ògiri, òun á wá máa wú ju ọ̀pọ̀ àwọn yòókù lọ. Okùn tó nípọn jù lórí gìtá béèsì, Hz 41 ló wà, ẹ ẹ̀ rí i pé ẹnu ibẹ̀ náà ni. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá ti wú báyẹn máa ń bo ti àárín mọ́lẹ̀, àárín yẹn sì ni gángan ti ń sọ̀rọ̀. Nǹkan míì tún ni pé tó o bá fi dB 3 péré (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára tó) kún béèsì, ìlọ́po méjì agbára lò ń bèèrè lọ́wọ́ amp, dB 10 sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá! Amp tí ò bá lè gbé e á bẹ̀rẹ̀ sí í ha, sípíkà kékeré tó wà lókè yẹn ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ jóná.

Ìyá_Ìbejì_Leeds: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, gbogbo ìgbà kọ́ ni ká fi béèsì sí òdo. Ilé alájà ni mò ń gbé níbí, èèyàn ń sùn nísàlẹ̀ wa, jẹ́jẹ́ ni mo máa ń fi orin sí lálẹ́, tí mi ò bá sì fi béèsì kún un díẹ̀ ṣe ló máa dà bíi rédíò olóbátìrì. Etí wa kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ tí fólúmù bá ti kéré, àwọn onímọ̀ méjì kan, Fletcher àti Munson, ti wọ̀n ọ́n ní Amẹ́ríkà láti 1933, ìdí nìyẹn tí bọ́tìnnì loudness, tó ń fi béèsì kún un, fi wà lára àwọn amp àtijọ́.

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù: Ìyẹn tọ̀nà, ọmọ mi, mo gbà fún ẹ. Tó bá wá gbé fólúmù sókè, kó pa á o.

Wáyà_Pupa: Ọmọ_Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kíṣìnì tó o sọ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Béèsì ò sí níbi tó o jókòó sí, ó wá pọ̀ ní kíṣìnì? Lọ wo ẹ̀yìn sípíkà, pupa lọ sí pupa, dúdú lọ sí dúdú. Tí ọ̀kan bá yí sódì, bí èyí bá ń tì síwájú ìkejì á máa fà sẹ́yìn, béèsì wọn á pa ara wọn láàárín gan-an níbi tí àga wà.

Ọmọ_Ìbàdàn: Ẹ̀gbọ́n!!! Ti apá òsì ló yí sódì! Wáyà funfun méjì ni mo lò, kò sí àmì lára ẹ̀, mi ò mọ èwo lèwo. Mo ti tún un so, mo fa sípíkà kúrò lára ògiri ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà méjì, béèsì ti wà ní òdo. Gìtá béèsì ń dún lọ́tọ̀, ó ń rìn láti okùn dé okùn. Bàbá mi tún jókòó lálẹ́ àná, wọn ò wí nǹkan kan, ṣe ni wọ́n ń fi ẹnu sọ ohun tí onílù ń sọ tẹ̀lé e.

DJ_Agboolé: Ó dáa, mo yọ̀ fún ẹ. Ṣùgbọ́n woofer ṣì wúlò o, tó o bá rà á, fi ibi tó ti máa gba béèsì lọ́wọ́ sípíkà sí Hz 80.

Alágbà_Rẹ́kọ́ọ̀dù: Tó bá rà á, kó kọ́kọ́ gbé e sórí àga tó ń jókòó sí, kó fi orin sí i, kó wá máa rákò kiri ilẹ̀ pálọ̀. Ibi tí béèsì bá ti dún geere létí ẹ̀, ibẹ̀ ni kó gbé e sí, ì báà ṣẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọmọ_Ìbàdàn: Ẹ ṣeun sà. Bàbá ti ní kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan mọ́ títí ọdún á fi parí.