Èsì ṣọ́ọ̀bù wa sí ìyá olùkọ́ tí ó fún wa ní ìràwọ̀ méjì

Ẹ kú àárọ̀ o, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ tí ẹ ń kọ́. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ nípa ráútà, ẹ̀rọ tó ń pín nẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ògo-Olúwa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èmi tí mo ni ṣọ́ọ̀bù ni mo ń dá yín lóhùn fúnra mi.

Kí ẹni tó bá ń kà á lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: orí fídíò ni Màmá ti ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní èdè wa, ní aago méje alẹ́, nínú ilé wọn ní Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ní kí a tó dé, tí àwọn bá fi fóònù dán iyára nẹ́ẹ̀tì wò, 20 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni àwọn ń rí (megabit ni a fi ń wọn bí dátà tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó). Nígbà tí a ṣètò ráútà tán, ó di 17. “Mo sanwó kí wọ́n lè dín nẹ́ẹ̀tì mi kù,” bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì ohùn tún bẹ̀rẹ̀ sí í já. Nígbà tí wọ́n pè wá, ọmọ tó gbé fóònù ní kí wọ́n lọ bá àwọn tó ń ta dátà fún wọn.

Ìpè yẹn ló kọ́kọ́ dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má bínú. Èsì tó yẹ kí a fún yín kọ́ nìyẹn, ká tiẹ̀ ní dátà ló lẹ́bi. Mo ti pe ọmọ náà jókòó, ó ti mọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí, òun náà sì ní kí n bá òun bẹ̀ yín.

Ti 20 tó di 17, a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ohun tí a kò ṣe ni pé a kò jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kí a tó lọ, ẹ̀bi wa sì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe é báyìí.

Ẹ wo ẹ̀rọ omi tí gbogbo àdúgbò ti ń pọn. Ẹnì kan ti to kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́wàá sílẹ̀ kí ẹ tó dé. Ife kan péré lẹ gbé lọ́wọ́, ẹ fẹ́ bu omi tí ọmọ tó ń wúkọ́ yóò fi lo oògùn. Omi ń dà dáadáa, ohun tí ẹ fẹ́ kò sì tó nǹkan, síbẹ̀ ẹ ó dúró títí kẹ́ẹ̀gì kẹwàá yóò fi kún. Bí ẹlòmíràn bá wá béèrè bóyá omi ń yọ dáadáa, wọn á ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìdánwò iyára tí ẹ ṣe lórí fóònù, ìbéèrè yẹn ló ń dáhùn: báwo ni omi ṣe pọ̀ tó? Kò sọ bí ẹni tó gbé ife lọ́wọ́ ṣe dúró pẹ́ tó.

Ẹ̀yin náà rí i lọ́jọ́ tí a wá. Mo ṣí ping sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà yín, ó ń ka iye àkókò tí ohun tí a fi ránṣẹ́ fi ń lọ tó fi ń bọ̀: 48, 52, 47. Ẹgbẹ̀rún kan irú rẹ̀ ló ń jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó dára gan-an. Ọmọ yín tó ń ya fídíò òde ìnáwó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fídíò ìgbéyàwó kan ránṣẹ́ láti fóònù rẹ̀ sí Google Drive. Kò pẹ́ tí nọ́ńbà fi ń gòkè: 310, 890, 1,460. Ẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú ọ̀nà tí fídíò yẹn ń gbà náà ni ohùn yín ń gbà kọjá, ọ̀nà tó ń jáde láti ilé lọ sí ìta, 5 megabit péré ni a sì bá lórí ọ̀nà yẹn lọ́jọ́ náà. 20 tí ẹ ń rí, èyí tó ń wọlé ni. Ìpè ohùn lásán kì í jẹ ju nǹkan bí 100 kilobit lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan (ẹgbẹ̀rún kan kilobit ló ń jẹ́ megabit kan), ife omi ni. Àjọ ITU tó ń rí sí ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lágbàáyé sọ nínú ìmọ̀ràn wọn G.114 pé bí ohùn bá dé etí ẹni kejì láàárín 150, ìtàkùrọ̀sọ máa ń lọ geere. Tó bá ti kọjá 400, kò ṣeé fara mọ́. Ẹ wá fi 1,460 wé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àlọ àti àbọ̀ ni tiwa.

Kẹ́ẹ̀gì tó tò sílẹ̀ yẹn, inú ẹ̀rọ ló ń tò sí. Ẹ̀rọ tó ń gbé nẹ́ẹ̀tì lọ síta kì í sọ pé àyè ò sí mọ́; ó kàn ń kó dátà jọ lórí ara wọn ni. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Jim Gettys, ló pariwo ọ̀rọ̀ yìí sáyé ní nǹkan bí ọdún 2011, ó pè é ní bufferbloat. Ní 2012, Kathleen Nichols àti Van Jacobson gbé ọgbọ́n CoDel jáde, èyí tí kì í jẹ́ kí ìlà gùn ju bó ṣe yẹ lọ. fq_codel tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ máa ń ya ìlà olúkúlùkù sọ́tọ̀, kí oní-ife má baà dúró lẹ́yìn oní-kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní RFC 8290, ọ̀kan lára àwọn ìwé tí àwọn onímọ̀ nẹ́ẹ̀tì fi ń ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fáyé, ní ọdún 2018. Òun ló wà nínú ráútà tí ẹ rà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọgbọ́n àrékérekè tí èmi jókòó hù.

Ṣùgbọ́n ráútà yìí kò lè to ìlà tí kò sí lábẹ́ àṣẹ rẹ̀. Bí ó bá ń tú dátà sílẹ̀ ju bí ọ̀nà ìta ṣe lè gbà lọ, ìlà yóò lọ tò sí ìta, níbi tí a kò ti lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń de ráútà sí ìwọ̀n tó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti ọ̀nà ìta, kí ìlà lè dúró sí ọ̀dọ̀ tiwa. 85 nínú 100 la lò fún yín. 20 di 17, 5 di 4.25. Megabit mẹ́ta yẹn ni owó tí a san kí ohùn yín lè máa rí ọ̀nà kọjá.

Wàyí o, ọ̀sẹ̀ kejì. Ibí yìí ni ẹ ti jàre wa, Màmá. Aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a wọn ọ̀nà yín, a sì gbà pé bó ṣe rí nígbà yẹn náà ni yóò ṣe rí lálẹ́. Síìmù 4G lẹ ń lò, gbogbo àdúgbò ló sì ń pín òpó kan náà. Lójú tèmi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wọlé lọ́sẹ̀ yẹn dá kún un, torí ẹ̀bá wọn lẹ wà. Lánàá, ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo dúró sí òpópónà yín pẹ̀lú síìmù ilé iṣẹ́ kan náà: 9 ló ń wọlé, 1.8 ló ń jáde. Ráútà yín ṣì gbà pé 4.25 lòun ní. Ìlà ti padà lọ tò síta nìyẹn, iṣẹ́ tí a ṣe kò sì wúlò ní wákàtí tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Ẹ kọ ọ́ pé ẹ pe “ọkọ̀” lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ yẹn sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé bàbá òun ń wa ọkọ́ lọ síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ẹni tó ń kọ́ èdè bí Gẹ̀ẹ́sì lè máa fi ohùn tó ń já díẹ̀díẹ̀ tẹ̀síwájú. Yorùbá kò gba ìyẹn. Bí ìparí ọ̀rọ̀ bá ti fọ́ báyìí, àmì ohùn ti bá a lọ, ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò sì ní ẹlòmíràn nítòsí tí yóò tún un pè fún un.

Ohun tí a fẹ́ ṣe rèé. A ó fún ráútà ní ìwọ̀n méjì: láti aago mẹ́fà ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, 7 fún wíwọlé àti 1.5 fún jíjáde. Ní wákàtí yòókù, 17 àti 4.25 bó ṣe wà. Kọ̀ǹpútà ẹ̀kọ́ ni yóò máa ṣíwájú láàárín wákàtí yẹn. N kò ní parọ́ fún yín, fídíò òde ìnáwó yóò máa fà bí ìgbín lásìkò ẹ̀kọ́, kí ọmọ yín jọ̀ọ́ fara dà á. A ó tún fa wáyà láti ara ráútà dé yàrá ẹ̀yìn tí ẹ ti ń kọ́ni, torí ògiri méjì tó wà láàárín ń dí Wi-Fi lọ́wọ́, ètò tí a ṣe kò sì lè yanjú ìyẹn. Owó wáyà wà lọ́rùn wa.

Ráútà kò lè bu omi kún omi o. Lọ́jọ́ tí òpó bá ṣe tí ọ̀nà àtijáde wálẹ̀ sí bí ìdajì megabit, ẹ pa àwòrán kí ẹ jẹ́ kí ohùn nìkan máa lọ. Bí ohùn bá ṣì ń já lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a ó dá owó iṣẹ́ yín padà láìku kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ méjì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi rí iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin yòókù tí a bá ṣètò tí síìmù lẹ ń lò, tó sì jẹ́ pé ọ̀sán nìkan la wá wọ̀n ọ́n, ẹ pè wá. A ó padà wá lálẹ́, ọ̀fẹ́ ni.

Màmá, Ọjọ́bọ̀ ni a ń bọ̀, ní aago mẹ́fà, kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá mi sọ fún ọmọ yín kó má pa fóònù rẹ̀ o. Kó jẹ́ kí àwọn fídíò ìnáwó yẹn máa lọ bí wọ́n ṣe máa ń lọ, torí ìgbà tí ọ̀nà bá há gan-an la fẹ́ wọ̀n ọ́n.